Ìdí Ààrò: Ibi tí oúnjẹ wà lára ọkà ni oró náà ń gbé

   

Ọ̀rọ̀ ọkà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí ìwé wa ti jáde kẹ́yìn, ìbéèrè méjì ni wọ́n ti bi mí, àfi bíi pé àwọn tó bi mí jọ gbìmọ̀ pọ̀.

Ìyàwó ilé kan ní Ìgàndò ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Níbi tó ti lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì ní kó lọ ọkà bàbà, àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà pọ̀, kó máa fi ṣe tọ́ọ̀mù búráùn fún ọmọ, kó má sì sẹ́ ẹ, torí ara èèpo ni oore ọkà wà. Ó délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ní irú kí nìyẹn, ògì tí a sẹ́ kúnná ni gbogbo ọmọ ilé yìí mu dàgbà. Aládùúgbò wá dá tirẹ̀ sí i, ó ní òun gbọ́ pé oró kan wà lára àgbàdo tó ń ba ẹ̀dọ̀ èèyàn jẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ìyá wa, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

Ìkejì wá láti ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n fẹ́ ra àgbàdo ọdún, èyí tí wọn ó fi ṣe àádùn àti ẹ̀gbo, tí wọn ó sì fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọlọ́jà kan ní òun ní àpò kan tí òun lè fi sílẹ̀ ní ìdajì owó. Nígbà tí wọ́n tú u wò, ó ń rùn bí yàrá tí wọ́n tì pa lọ́dún kan, àwọn hóró kan sì ti ní àwọ̀ ewé lára. Ẹnìkan ní kí wọ́n rà á jàre, pé omi á fọ̀ ọ́, iná á sì pa ìyókù. Ẹlòmíì ní rárá. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ bi ìyá ológì.

Èmi ni ìyá ológì náà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rẹ ọkà, tí mo ń lọ̀ ọ́, tí mo ń sẹ́ ẹ tà ní Ìkọ̀tún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo rí nínú méjèèjì: oore wà lára ọkà, ibi náà sì lè wà níbẹ̀, báwo la ṣe máa wọn àwọn méjèèjì? Bí ọ̀ràn bá ṣú òkùnkùn, a máa ń bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó wà nínú hóró kan

Ẹ mú hóró àgbàdo kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi èékánná bó o. Ohun mẹ́ta lẹ ó rí. Èkíní ni èèpo tó bò ó. Èkejì ni ọmọ inú rẹ̀, ìyẹn ibi kékeré tó wà ní ìdí hóró, tó máa ń hù tí a bá gbìn ín. Òróró àgbàdo, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un. Ẹ̀kẹta ni ìyẹ̀fun tó kún inú rẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù.

Ìyẹ̀fun yẹn ló ń fún wa lágbára tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n irin tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, síǹkì tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti dàgbà kó sì lè bá àìsàn jà, àwọn fítámì ẹbí B, òróró, àti ohun tó ń jẹ́ kí inú ṣiṣẹ́ dáadáa, ara èèpo àti ọmọ inú hóró ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Bí a bá lọ ọkà tán tí a sẹ́ ẹ, ìyẹ̀fun ló ń kọjá lójú asẹ́. Èèrí tó kù lókè, a ó kó o fún ewúrẹ́. Ẹ wo ewúrẹ́ tó ń jẹ èèrí ògì bó ṣe ń dán! Nọ́ọ̀sì mọ ohun tó ń sọ.

Àmọ́ o, èèpo náà ní tiẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní phytate. Ó máa ń di irin àti síǹkì mú, kò ní jẹ́ kí ara rí wọn gbà tán. Rírẹ tí à ń rẹ ọkà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí tí yóò fi kan, ó máa ń dín agbára phytate yìí kù. Ìyẹn ni pé ọkà tí a rẹ kó tó di lílọ̀ sàn fún ọmọ ju èyí tí a kàn gbé gbígbẹ lọ sídìí ẹ̀rọ.

Oró tí omi àti iná kò pa

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá a dé ìdí, inú oúnjẹ wọn ló wà: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil, tó ti bu. Ẹ̀yà olu wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus ló hù sára ẹ̀pà náà, òun ló sì ń tú oró sí i. Láti ara orúkọ olu yẹn ni wọ́n ti yọ orúkọ oró náà: aflatoxin. Ẹ̀pà àti àgbàdo ni olu yìí fẹ́ràn jù nínú oúnjẹ wa. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti oko nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí kòkòrò bá jẹ ọkà, ó sì lè jẹ́ inú àpò tí ọ̀rinrin wà ló ti máa gbilẹ̀.

Kí ló ń ṣe fún èèyàn? Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bá jà. Bó bá pọ̀ gan-an nínú oúnjẹ, kì í tiẹ̀ dúró di jẹjẹrẹ. Ní Kenya lọ́dún 2004, àgbàdo tó ti bu nítorí ọ̀rinrin ni àwọn èèyàn ń jẹ nílé ara wọn. Àwọn 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó yẹ kó kàn wá jù ni díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn oníwádìí gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní Benin àti Togo, ní ilé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ tí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà. Ọmọ 480 ni wọ́n yẹ̀ wò ní abúlé 16, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọmọ ọdún márùn-ún. Nínú ọmọ 100, 99 ló ní àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù lára wọn ni wọ́n kúrú jù, tí wọn ò sì sanra tó ọjọ́ orí wọn. Wọ́n tún rí i pé èyí tó wà lára ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú pọ̀ ju ti èyí tó ṣì ń mu ọmú lọ. Èèyàn ò lè sọ pé oró yìí nìkan ló dá ọmọ dúró, torí ebi àti àìsàn náà wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú sí i: ọjọ́ tí ọmọ bá kúrò lẹ́nu ọmú, kí ló ń bọ́ sí i? Ògì.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ara èèpo àti ọmọ inú hóró, níbi tí oore ọkà wà, ibẹ̀ gan-an ni oró yìí máa ń pọ̀ sí. Bákan náà, ó máa ń ṣòro fún iná láti pa á. Omi tó ń hó kò ju ìwọ̀n 100 lọ lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius, oró yìí sì máa ń fara da ooru tó ju 200 lọ. Kíkan ògì kò pa á tó bẹ́ẹ̀. Kí a sọ ọ́ di ọtí náà kò pa á. Ẹni tó ní iná á pa ìyókù, ooru èèyàn ló ń rò, kì í ṣe ti oró yìí.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa

Ṣé ká wá pa ọkà tì ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo rẹ̀.

Oró yìí kì í tàn káàkiri gbogbo hóró bákan náà. Nínú kóńgò kan, àwọn hóró díẹ̀ ló máa ń ru èyí tó pọ̀ jù, àwọn ìyókù lè mọ́ tónítóní. Àwọn oníwádìí ní Benin sì tọ ẹsẹ̀ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe ògì, mawè àti ẹ̀kọ, láti ìgbà tí wọ́n ti da àgbàdo sílẹ̀ títí tó fi délẹ̀ ìkòkò, láti mọ ibi tí oró ti ń dín kù. Ohun tí wọ́n rí ni pé ṣíṣà, fífẹ́, fífọ̀, àti bíbó èèpo ló ń yọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kíkan àti sísè kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹ ò rí i pé kó tó dórí iná ni iṣẹ́ ti parí!

Àwọn ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ kò gbọ́ aflatoxin rí, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ da àgbàdo sómi láìṣà á. Ìdí nìyí tí mo fi ń tò ó sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é, kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ra ọkà lílọ̀ nínú ọ̀rá lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ da ọkà sórí atẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́, kì í sì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Ẹ ṣa hóró tó fọ́, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó sọ kíki nù tó rún jọ, àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ìbáà ṣe dúdú, àwọ̀ ewé tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ ẹ, kí ìyàngbò àti eruku lọ. Inú eruku yẹn ni oró wà.

Ẹ wá dà á sínú omi tó pọ̀, kí ẹ rò ó pọ̀. Èyí tó bá léfòó, ẹ bù ú kúrò. Hóró tó fúyẹ́ ti bàjẹ́ nínú. Ẹ fọ̀ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta, ẹ da omi rẹ̀ nù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbo tàbí túwó lẹ fẹ́ ṣe, ẹ gún un kí èèpo rẹ̀ bọ́, kí ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tí a ṣà dà nù, kó má ṣe padà sílé láti ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ kò yàtọ̀ sí tòlótòló ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá kú, ara ẹ̀dọ̀ àti ẹyin rẹ̀ ni ìwọ̀nba kan á gbà padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ojú kò lè rí gbogbo rẹ̀, mi ò ní tàn yín. Hóró tó dára lójú lè ní díẹ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí irú ọkà tí a yàn fi ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n fi ọkà bàbà, jéró àti àgbàdo ilẹ̀ wa wéra, èyí tí wọ́n rí lára àgbàdo tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọkà bàbà, ti jéró sì tún kéré ju ti ọkà bàbà lọ. Ọkà bàbà ti wà lọ́wọ́ àwọn baba wa kí àgbàdo tó gba òkun kọjá wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwa tí à ń pe ara wa ní oníṣẹ̀ṣe, kò yẹ kó jẹ́ nínú ògì aláwọ̀ pupa nìkan la ó ti máa rántí rẹ̀.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n

Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá náà ń wọ̀n ọ́n ni. Ní Yúróòpù, àgbàdo tó ti ṣe tán fún jíjẹ kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 4 aflatoxin nínú ìdá bílíọ̀nù kan lọ. Amẹ́ríkà fi tiwọn sí 20. Kò sí èyí tó sọ pé kó jẹ́ òdo nínú àwọn méjèèjì, torí èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Àwa tí a ò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n nínú ilé ìdáná, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ la ó kọ́kọ́ wò.

Ìwọ ìyàwó wa ní Ìgàndò, ìdáhùn tìẹ rèé. Nọ́ọ̀sì kò purọ́, ìyá ọkọ rẹ kò purọ́, aládùúgbò rẹ náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò kan ọkà kan náà. Bó bá jẹ́ ọkà bàbà tàbí jéró tó gbẹ dáadáa, tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣà, tí o fọ̀, tí o rẹ, tí o sì lọ̀ kúnná, má sẹ́ ẹ, jẹ́ kí ọmọ jèrè èèpo rẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbàdo tí o kò mọ bó ṣe pẹ́ tó nínú àpò, ṣà á, fọ̀ ọ́, kí o sì sẹ́ ẹ. Oore tó bá èèrí lọ, fi nǹkan míì dá a padà: ẹ̀wà tí o bó, tí o sè tó sì rọ̀, ẹja tí o yọ egungun rẹ̀, ẹyin, ewébẹ̀ tí o gé wẹ́wẹ́. Má já a lẹ́nu ọmú o. Kó máa mu ún lọ títí di ọdún méjì.

Ní ti tọ́ọ̀mù búráùn, kì í ṣe oúnjẹ burúkú, ọ̀pọ̀ ọmọ tó rù ló ti gbé dìde. Ẹ̀pà inú rẹ̀ ni kí o ṣọ́. Má ra ẹ̀pà lílọ̀. Ra hóró rẹ̀, ṣa èyí tó rún, èyí tó dúdú, èyí tó korò lẹ́nu, kúrò kí o tó yan án. Bí ẹ̀pà tó dára kò bá sí, sóyà tàbí ẹ̀wà lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò pọ̀ sínú ọ̀rá láìní orúkọ, fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ohun tí a bá ti lọ̀, ojú kò lè ṣà á mọ́.

Àwọn aláboyún náà kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, torí oró yìí ń gba inú ìyá dé ara ọmọ inú.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí dókítà ní kí ẹ dín oúnjẹ tó ń tètè di ṣúgà kù, ọkà tí a kò sẹ́ dára fún yín. Ẹ máa jẹ ẹ́. Kìkì pé kó má jẹ́ àgbàdo ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ẹ jẹ́ kí iṣu, ẹ̀wà, ọkà bàbà àti ìrẹsì máa gba ipò ara wọn. Ẹni tó ń pààrọ̀ oúnjẹ ń dín ohun tí ọkà kan ṣoṣo lè ṣe fún un kù.

Ohun kan tún wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lára, tó tún wá ń jẹ aflatoxin, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè tó ìlọ́po 30 ti ẹni tí kò ní àrùn náà. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà fún ọmọ tuntun láti ọjọ́ tí wọ́n bá bí i, nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé kí ọmọ tó gbà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lójú ọjà

Ní apá ibí wa, àgbàdo àkọ́kọ́ máa ń gbó nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ó dùn ní sísè àti ní sísun, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù. Ṣùgbọ́n láti gbẹ ẹ́ pamọ́ lásìkò yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Àgbàdo tí wọ́n kórè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣe é tọ́jú.

Tí ẹ bá dé ọjà Ìkọ̀tún, ẹ má wo orí àpò nìkan. Ẹ ní kí ọlọ́jà ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gé hóró kan jẹ: èyí tó gbẹ á dún kà, èyí tó tutù á rọ̀ lábẹ́ eyín. Ẹ sì lè fi iyọ̀ dán an wò nílé. Ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ àti ọwọ́ àgbàdo kan sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìgbà díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì pọ̀ nínú àgbàdo yẹn. Ẹ sá a sóòrùn lórí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán.

Ẹ máa ra ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó kò jẹ́ kí àpò dúró pẹ́. Ẹ gbé e sórí pákó, kó má kan sìmẹ́ǹtì tàbí ògiri. Kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin dára fún èyí tó ti gbẹ dáadáa, torí kòkòrò kò ní rí atẹ́gùn mí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n Sniper tàbí oògùn ẹ̀fọn kankan sí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ni Yúróòpù fi ní kí ẹ̀wà wa má wọ ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ láti ọdún 2015, òun náà ni NAFDAC fi dá títa ìgò kékeré rẹ̀ dúró lọ́jà lọ́dún 2019. Ẹni tó sá fún olu tó wá bọ́ sọ́wọ́ oògùn kòkòrò kò tíì sá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ béèrè Aflasafe. Ní IITA ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, NAFDAC sì ti fọwọ́ sí i. Hóró ọkà bàbà ni wọ́n fi ń gbé e: wọ́n fi olu tí kò ní oró kùn ún lára. Kílò 10 ni wọ́n ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Olu tí kò lóró á gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó lóró lọ́wọ́.

Ti àpò ìdajì owó

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́dá, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má rà á. Kì í ṣe torí owó, mo mọ bí ọjà ṣe rí.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Àádùn: a máa yan àgbàdo, a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo àti ọmọ inú rẹ̀, a fi epo pò ó. Kò sí asẹ́ níbẹ̀, kò sí bíbó. Gbogbo ohun tó wà lára hóró, oore àti ibi, ẹnu ló ń lọ. Ẹnu ta sì ni? Lọ́jọ́ ọdún Ẹgbẹ́, àwọn ọmọdé la máa ń kọ́kọ́ pè. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: a máa jẹ́ kí àgbàdo hù lábẹ́ ewé tútù fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn ni pé olu tó bá ti wà lára rẹ̀ á rí àyè gbilẹ̀ sí i. Ẹ̀gbo nìkan là ń bó, àgbàdo tó ti ní àwọ̀ ewé sì ti kọjá ohun tí bíbó lè gbà là.

Ẹnìkan lè ní ti ojúbọ yàtọ̀, pé òrìṣà kò ní inú rírun. Ẹ dákun, ohun tí a bá gbé síwájú òrìṣà, àwa náà la jọ ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà tó kọ́ wa kì í fi obì tó díbàjẹ́ dífá, wọn kì í sì í gbé iṣu jíjẹrà síwájú Ifá. Kí ló wá dé tí ti àgbàdo fi máa yàtọ̀? Ohun tí a kò lè fi bọ́ ọmọ wa, ẹ má jẹ́ ká fi bọ.

Owó tí ẹ fẹ́ fi ra odidi àpò náà, ẹ fi ra ààbọ̀ àpò tó dára. Ẹ fi ọkà bàbà kún un tí kò bá tó, ọtí rẹ̀ kò burú rárá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé atẹ tirẹ̀ wá, kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ ṣà á nínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ á máa wò yín. Bí a bá wí fún wọn lẹ́nu, wọ́n lè gbàgbé. Èyí tí wọ́n bá fi ojú rí lọ́wọ́ ìyá wọn kì í lọ bọ̀rọ̀.

Bí ọlọ́jà bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò ra tòun, ẹ sọ òótọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òun náà lọ́mọ nílé.

Ìwé tó ń bọ̀, ẹ̀wà la ó bẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ránṣẹ́ kí oṣù tó lé. Kí oúnjẹ máa jẹ́ oúnjẹ nínú wa, kó má di májèlé. Àṣẹ.